Ojú Àwòdì Lórí Anyama: Àgbáyé Orí Kọ̀ǹpútà Gẹ́gẹ́ Bí Ohun Kíkà Nínú Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́

Bí ènìyàn bá tẹ orúkọ Anyama sínú Google Earth, ayé yóò yí biri, ilẹ̀ yóò sì máa sún mọ́ni bí ìgbà tí àwòdì ń já ṣòòrò bọ̀ wá gbé òròmọdìyẹ. Apá àríwá Abidjan ni yóò balẹ̀ sí. Òrùlé páànù ni ojú yóò kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ojú irin tí ó la ìlú kọjá, lẹ́yìn náà òbìrí ńlá kan ní Ebimpé. Pápá ìṣeré Alassane Ouattara ni òbìrí yìí. Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni wọ́n ṣí i, ó lè gba 60,000 ènìyàn, ibẹ̀ sì ni Côte d'Ivoire ti fi àmì ayò méjì sí ẹyọ kan na Nàìjíríà ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2024 láti gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ọmọ tí ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yóò pariwo pé òun ti rí i. Inú olùkọ́ yóò dùn. Ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì máa ń parí síbẹ̀.

Kí ni ọmọ náà rí gan-an? Ní agbègbè Anyama yìí kan náà ni ibi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń pè ní Bété I wà. Láti nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Yodé Guédé àti àwọn onímọ̀ Soviet tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti wa ilẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì rí irinṣẹ́ òkúta ní ìpele-ìpele. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ mìíràn padà síbẹ̀, Eslem Ben Arous àti Eleanor Scerri sì wà lára wọn. Àbájáde iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Nature ní ọdún 2025. Ó fi hàn pé ènìyàn ti ń gbé inú igbó kìjikìji níbẹ̀ ní nǹkan bí 150,000 ọdún sẹ́yìn. Ṣáájú èyí, ẹ̀rí tí ó dájú pé ènìyàn gbé irú igbó bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà kò ju nǹkan bí 18,000 ọdún lọ. Kí ìwé náà tó jáde, iṣẹ́ ìwakùsà ti ba ibẹ̀ jẹ́ tán. Àwòdì tí ó balẹ̀ sí Anyama kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ó fi pápá bọ́ọ̀lù hàn, ó fi ilẹ̀ tí a ti wa hàn, ó sì dákẹ́.

Inú ìdákẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Láti ìgbà tí àgbáyé orí kọ̀ǹpútà ti wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń gbà á bí fèrèsé, kò sì sí ẹni tí í bi fèrèsé léèrè pé ta ni ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fèrèsé. Ohun tí ẹnì kan kọ ni, bí a ti í kọ ìwé ìrìn-àjò tàbí ìtàn àròsọ. Ó ní ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ó ní ibi tí ó dúró sí wo nǹkan. Ó ní àsìkò tí ó yàn láàyò. Ó sì ní orúkọ tí ó mọ̀ ọ́n pè àti èyí tí kò mọ̀ ọ́n pè. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ lámèyítọ́ àti ti olùkọ́ èdè wà nínú rẹ̀. Fífi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún olùkọ́ jọ́gíráfì nìkan jẹ́ àṣìṣe tí ó ti pẹ́ jù.

Ta ni ó kọ ayé yìí?

Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1998, Al Gore, tí ó jẹ́ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ̀rọ̀ ní Los Angeles nípa ohun tí ó pè ní Digital Earth. Ó ní kí àwọn tí ń gbọ́ òun fi ojú inú wo ọmọdébìnrin kan ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí ó ń rí ayé láti òkè ọ̀run, tí ó sì ń sún mọ́ ilẹ̀ títí yóò fi rí ilé àti igi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi lá àlá náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó sọ àlá náà di ohun tí gbogbo ayé ń lò kì í sì í ṣe olùkọ́. Ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Keyhole ni, èyí tí ó túmọ̀ sí ihò kọ́kọ́rọ́. Ara orúkọ àwọn sátẹ́láìtì amí Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un. In-Q-Tel, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi owó sí ìmọ̀ ẹ̀rọ tí àwọn amí Amẹ́ríkà lè lò, wà lára àwọn tí ó fi owó ràn án lọ́wọ́ ní ọdún 2003. Google rà á ní ọdún 2004, ó sì gbé Google Earth jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2005. Títí di òní, lẹ́tà K tí ó bẹ̀rẹ̀ KML, irú fáìlì tí olùkọ́ fi ń tọ́jú iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì, ti Keyhole ni. Ẹni tí ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́ ń rí onílé, onílé kò sì rí òun.

Ohun kan tún wà nínú àwọn ẹ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ tí kò yẹ kí lámèyítọ́ gbójú fò. Bí ènìyàn bá ṣí irinṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà Windows, tí kò tẹ orúkọ ibì kankan, tí ó kàn ń sún mọ́ ilẹ̀ tààrà, ìlú Lawrence ní ìpínlẹ̀ Kansas ni yóò balẹ̀ sí. Níbẹ̀ ni Brian McClendon, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ Keyhole, ti dàgbà. Ìyẹn kò lè ya Yorùbá lẹ́nu, nítorí Ilé-Ifẹ̀ ni òun náà gbà pé ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Ẹni tí ó bá ya ayé yóò fi Ifẹ̀ tirẹ̀ sí àárín. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Yorùbá ń sọ ti Ifẹ̀ ní gbangba, ọmọdé sì mọ̀ pé ìtàn ìran òun ni òun ń gbọ́. Ẹni tí ó balẹ̀ sí Lawrence kò mọ̀ pé ìtàn ilé ẹnì kan ni wọ́n ń sọ fún òun.

Àwọn kan gbà pé nítorí orísun yìí, ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ Áfíríkà ta kété sí irinṣẹ́ náà. Èrò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì tí a fi ń kọ Yorùbá kò ti Ọ̀yọ́ ṣẹ̀. Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ó ti dé, pẹ̀lú ète tiwọn, ọmọ Yorùbá sì ti fi kọ ohun tí míṣọ́nnárì kò rò. Ohun tí ó léwu ni lílo irinṣẹ́ láìmọ ohun tí ó ń sọ lẹ́yìn ẹni.

Ohun tí ó tún ṣe

Ìyìn tọ́ sí i níbi kan, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ láìfi ìkan pe méjì. Máàpù ayé tí ó wà lára ògiri ọ̀pọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ lé ìlànà tí Gerardus Mercator gbé kalẹ̀ ní ọdún 1569 fún àwọn atukọ̀ ojú òkun. Ìlànà yẹn ń fa ilẹ̀ tí ó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé gbòòrò. Lórí rẹ̀, Greenland fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Áfíríkà, nígbà tí ó jẹ́ pé Áfíríkà fẹ̀ tó o ní ìlọ́po 14. Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ọmọ Anyama jù ni ti Norway. Ilẹ̀ Côte d'Ivoire jẹ́ nǹkan bí 322,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ti Norway, láìka àwọn erékùṣù ọ̀nà jíjìn mọ́ ọn, jẹ́ nǹkan bí 324,000. Ìbejì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n lórí ògiri, Norway ti di òmìrán, ó fẹ̀ ju èkejì rẹ̀ lọ ní ìlọ́po márùn-ún ó kéré tán.

Àgbáyé tí ń yí lójú kọ̀ǹpútà kò ní àléébù yìí, nítorí ó yí po bí ayé ti yí po. Ọmọ lè fi irinṣẹ́ ìwọ̀n tí ó wà nínú rẹ̀ wọn orílẹ̀-èdè méjèèjì, kí ó sì padà lọ wo ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní parí kí ó tó mọ̀ pé máàpù lè tanni jẹ láìsí pé ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ jẹ́ irọ́. Ẹ̀kọ́ lámèyítọ́ nìyẹn, olùkọ́ lítíréṣọ̀ ì bá sì fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ wá àpẹẹrẹ tí ó mọ́lẹ̀ tó o. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí kíláàsì: ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí ìpolongo tí ń bèèrè pé kí ìjọba àti ilé ẹ̀kọ́ pa Mercator tì, kí wọ́n gba Equal Earth, ìlànà tí àwọn ayamáàpù kan gbé jáde ní ọdún 2018. Google Maps fúnra rẹ̀ ti sọ ojú ìwòye ọ̀nà jíjìn rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà di òbìrí láti ọdún 2018.

Ayé tí òjò kì í rọ̀ sí

Àléébù mìíràn wà tí ó fara sin ju ti Mercator lọ. Nínú ayé orí kọ̀ǹpútà, òjò kì í rọ̀. Sátẹ́láìtì tí ń ya àwòrán kò lè ríran kọjá ìkúukùu, nítorí náà àwọn tí ń to àwòrán pọ̀ máa ń yan ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́. Ní gúúsù Côte d'Ivoire, èyí túmọ̀ sí pé àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni àwòrán máa ń ti wá jù lọ. Anyama tí ọmọ ń rí ni Anyama tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tí ọ̀nà rẹ̀ ṣeé rìn, tí òkè rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2020, ní ọdún kan náà tí wọ́n ṣí pápá ìṣeré, òjò rọ̀ ní Anyama, òkè ya lulẹ̀ lu àwọn ilé, ènìyàn 13 ó kéré tán sì kú. Kò sí ohun tí ó jẹ́ kí ẹni tí ń wo àwòrán àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ pé ibẹ̀ lè pa ènìyàn. Kì í ṣe àwòrán nìkan ni ó ní ọwọ́ nínú èyí. Lára ohun tí irinṣẹ́ wọ̀nyí fi ń gbé òkè àti àfonífojì dìde ni ìwọ̀n tí ọkọ̀ òfuurufú Endeavour fi rédà mú ní ọjọ́ 11 ní oṣù kejì ọdún 2000. Ìwọ̀n náà kò tó ara wọn ní ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Ti Amẹ́ríkà jáde ní 30 mítà sí 30 mítà; ti ìyókù ayé jáde ní 90 mítà sí 90 mítà, títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 tí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èyí tí ó ṣe kedere jáde, tí wọ́n sì fi ti Áfíríkà ṣáájú. Fún ọdún púpọ̀, Kansas tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní òkè ni a lè wo òkè rẹ̀ dáradára, tí ẹ̀gbẹ́ òkè Anyama tí àwọn ènìyàn kọ́ ilé sí sì pòórá nínú igun 90 mítà kan.

Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí lè lo irinṣẹ́ náà lọ́nà tí ó lérè. Láti oṣù kejì ọdún 2009 ni Google Earth ti ní ohun tí ènìyàn fi lè yí àsìkò padà sẹ́yìn láti wo àwòrán àtijọ́. Kí àwọn ọmọ gbé àwòrán tí ó ṣáájú ọdún 2016, tí wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ pápá ìṣeré lélẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn ọdún 2020. Wọn yóò rí ohun tí ó dé. Kí ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ta ni ó sì ń dáko níbẹ̀? Ibi tí iṣẹ́ àwòdì parí sí nìyí. Ìyá àgbà tí ó wà ní ilé ni ó lè dáhùn, èdè tí yóò sì fi dáhùn kì í sábà jẹ́ Faransé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ igbó rí. Igbó Côte d'Ivoire tó nǹkan bí 16 mílíọ̀nù hẹ́kítà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún; ìṣirò ìjọba tí ó jáde ní ọdún 2021 fi hàn pé kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta mọ́. Àwọn àwòrán Landsat, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1972 tí ó sì di ọ̀fẹ́ ní ọdún 2008, ń fi bí ewéko ti ń ṣí lọ hàn kedere. Ṣùgbọ́n ẹyọ àmì kan nínú wọn dúró fún ilẹ̀ 30 mítà níbùú lóròó, igi obì kan tí ó dá dúró nínú oko kòkó kò sì lè yọ nínú rẹ̀.

Nípa orúkọ

Níbi orúkọ ni gbèsè ọrùn irinṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni olùkọ́ èdè ti ní ẹ̀tọ́ jù láti sọ̀rọ̀. Wo Abidjan. Bingerville ń jẹ́ orúkọ Louis-Gustave Binger, Treichville ń jẹ́ ti Marcel Treich-Laplène, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ni àwọn méjèèjì. Ní ti Abidjan fúnra rẹ̀, ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé òyìnbó kan bèèrè orúkọ ibẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó ń ti oko bọ̀. Onítọ̀hún rò pé ohun tí òun lọ ṣe ni ó ń bèèrè, ó ní ewé ni òun lọ já. Ìdáhùn rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ bí orúkọ ìlú. Ìbáà jẹ́ òótọ́, ìbáà jẹ́ àhesọ, ìtàn náà ti sọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tí kò gbọ́ èdè bá di kálàmù mú.

Ti ilẹ̀ Yorùbá kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ máàpù orí kọ̀ǹpútà, Ọ̀wọ̀ ti di Owo, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá kà á lè kà á sí owó, òwò, ọwọ́ tàbí ọ̀wọ́. Ẹdẹ di Ede, kò sì sí ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èdè tàbí edé. Oshogbo, Ogbomosho àti Offa ṣì ń rìn káàkiri bí wọ́n ti wà nínú ìwé àwọn aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 1974 ni Yorùbá ti ní ìlànà àkọtọ́ tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń lò. Ẹnikẹ́ni kò lè di ẹ̀bi náà ru ẹ̀rọ. Unicode gba gbogbo àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà; fáìlì KML gbà wọ́n pẹ̀lú. Ẹ̀rọ kò kọ̀ ọ́. Ènìyàn ni kò kọ ọ́.

Níbí ni OpenStreetMap, tí Steve Coast bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, ti yàtọ̀ sí ti Google. Nínú rẹ̀, ibì kan lè ní orúkọ ní èdè púpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀: name:fr fún Faransé, name:yo fún Yorùbá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ lè kọ ọ́ sí i, kò sì dúró de àṣẹ ilé iṣẹ́ kankan. Kíláàsì Yorùbá kan lè fi ìdajì ọ̀sẹ̀ kọ orúkọ àwọn ìlú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pẹ̀lú àmì tí ó tọ́, kí iṣẹ́ wọn sì di ohun tí ayé ń lò. Èyí wúlò ju ọgọ́rùn-ún ìdánwò àmì ohùn lọ, nítorí ọmọ tí ó bá ṣi àmì fi sí orí ìlú rẹ̀ yóò gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Ní Anyama, èdè Akyé ni ó ni ilẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè ní Abidjan ti tẹ ìlànà àkọtọ́ jáde fún àwọn èdè Côte d'Ivoire láti ọdún 1979, Akyé sì wà lára èdè mẹ́wàá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò ilé ẹ̀kọ́ elédè méjì tí ń jẹ́ Projet École Intégrée ní ọdún 2001. Ọmọ Anago kò gbọdọ̀ fi Yorùbá bo Akyé mọ́lẹ̀ lórí máàpù, bí Faransé ti bo àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ èdè-ìperí so mọ́ èyí. Iṣẹ́ tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1990 fún wa ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ẹ̀kọ́ máàpù kò sí nínú ète wọn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà. Àmì tí irinṣẹ́ ń pè ní placemark, kí ni ó jẹ́ bí kò ṣe èèkàn? Ọmọ yóò kan èèkàn sí ilé rẹ̀, sí ọjà, sí ibi tí Bété I wà rí. Ààlè kò bá a mu, nítorí ìkìlọ̀ fún olè ni ààlè. Ohun tí wọ́n ń tò léra lórí máàpù, ìpele ni. Bí wọ́n bá fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ láìwá, àwọn tí ń sọ pé èdè abínibí kò lè gbé ìmọ̀ òde òní yóò rí ẹ̀rí tọ́ka sí. Ẹ̀rí náà kò sì sí fún eré lásán: ètò ìjọba Nàìjíríà tí ó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, tí wọ́n kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ni ìjọba fagi lé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ọdún 55 lẹ́yìn tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ tí ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Láti Anyama dé Èjìgbò

Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ka Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sí ilé. Bí ọmọ Anago kan ní Anyama bá fa ìlà láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé Èjìgbò lórí àgbáyé orí kọ̀ǹpútà, irinṣẹ́ ìwọ̀n yóò sọ fún un pé nǹkan bí 960 kìlómítà ni. Ìlà náà gún gbọọrọ. Kò ní ẹnubodè kankan. Bàbá rẹ̀ tí ó ti wọ bọ́ọ̀sì lọ yóò sọ ìtàn mìíràn: Noé àti Elubo, Aflao àti Lomé, Hillacondji, Kraké àti Sèmè, ẹnubodè mẹ́rin láàárín orílẹ̀-èdè márùn-ún, pẹ̀lú àwọn ìdádúró ojú ọ̀nà tí kò sí lórí máàpù rárá. Èwo nínú ìwọ̀n méjèèjì ni ó jẹ́ òótọ́? Olùkọ́ kò ní láti yan ọ̀kan. Kí ó ní kí ọmọ kan èèkàn sí ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ sínú èèkàn náà, ní Yorùbá, ohun tí bàbá rẹ̀ sọ pé ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó bá débi èèkàn ìkẹyìn, aáyan ìtàn ni ó ti kọ láìmọ̀, irú èyí tí olùkọ́ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà.

Obì ni ohun kejì tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé. Ọjà obì Anyama lókìkí káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Abidjan ní ọdún 1904, tí ó dé Bouaké ní 1912, Bobo-Dioulasso ní 1934 àti Ouagadougou ní 1954, la ìlú náà kọjá lọ sí ilẹ̀ tí obì kì í hù. Obì tí Anyama ń tà ni Yorùbá ń pè ní gbànja, èyí tí ó yàtọ̀ sí àbàtà wa. Àwọn tí ó kọ ìtàn òwò obì so ọ̀rọ̀ gbànja mọ́ Gonja, ilẹ̀ kan ní àríwá Ghana òde òní tí ọ̀nà àwọn oníṣòwò gbà kọjá. Ọ̀rọ̀ tí ìyá aláte ń pè lójoojúmọ́ ní Èjìgbò jẹ́ máàpù, ó sì ti wà kí Keyhole tó wà. Ọmọ tí ó bá kan èèkàn sí Anyama, sí Gonja, àti sí àtẹ ìyá rẹ̀, ti fi ẹnu àwọn baba ńlá rẹ̀ ya ohun tí sátẹ́láìtì kò lè yà.

Okùn abẹ́ òkun

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni irinṣẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí ó gba abẹ́ òkun kọjá nítòsí Abidjan já. Côte d'Ivoire fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, ó sì nira dé Nàìjíríà. Àgbáyé tí ọmọ Anyama ń yí kiri ń gba okùn tí kò jìnnà sí ilé rẹ̀ kọjá, irinṣẹ́ náà kò sì fi okùn yìí hàn án rí. Ilé iṣẹ́ náà tún lè ti ilẹ̀kùn nígbà tí ó bá wù ú. Google Expeditions, tí ó gbé jáde fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 2015, parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2021. Tour Builder, tí àwọn olùkọ́ fi ń to ìtàn sórí máàpù, tẹ̀ lé e ní oṣù kejì rẹ̀. Olùkọ́ tí iṣẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ wà lórí wọn nìkan ní láti wá bí yóò ṣe kó o jáde kí ọjọ́ tó pé.

Nítorí náà ni ó fi dára kí iṣẹ́ kíláàsì wà nínú fáìlì KML tí olùkọ́ ní lọ́wọ́. Àjọ tí ń bójú tó ìlànà máàpù káríayé ti gba KML gẹ́gẹ́ bí ìlànà gbogbogbòò láti ọdún 2008, QGIS tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ sì lè ṣí i bí Google Earth ti ń ṣí i. Ẹ̀dà Google Earth ti orí kọ̀ǹpútà máa ń rántí ibi tí ènìyàn ti wò kọjá, nítorí náà olùkọ́ lè lọ síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà ní alẹ́, kí ó rìn káàkiri Anyama àti ojú ọ̀nà Èjìgbò, kí ó sì fi hàn ní kíláàsì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Fáìlì tí ó gbé èèkàn 30 àti ìtàn inú wọn kì í wúwo ju lẹ́tà kan lọ. Ó lè wọ fúláàṣì, kí ó bá ẹnì kan wọ bọ́ọ̀sì láti Anyama kọjá Noé dé Sèmè, kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Èjìgbò ṣí i, kí wọ́n ṣàtúnṣe àmì orúkọ ìlú wọn tí àwọn ọmọ Anyama ṣì kọ, kí wọ́n sì fi tiwọn kún un kí bọ́ọ̀sì tó padà.